Ìdí tí Glivec fi ń wọ KIT: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ohun tó gbé mi dé ìdí ẹ̀

Lẹ́yìn Ojúde Ọba tó kọjá ni àǹtí mi yà sí ilé oògùn mi ní Fọlágbádé. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, wọn ò sọ̀rọ̀ títí ṣọ́ọ̀bù fi dá. Ìgbà náà ni wọ́n ká apá bùbá wọn sókè, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wo ara mi."

Ara wọn ti mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ lè má fura, ṣùgbọ́n èmi mọ dúdú wọn, adúmáadán ni wọ́n. Wọ́n ní níbi tí rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wọn ti ń tò láti lọ kí Ọba ni obìnrin kan ti bi wọ́n lójú gbogbo èèyàn pé ọṣẹ wo ni wọ́n fi ń bóra lọ́jọ́ ogbó.

Àǹtí mi kì í bóra. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní CML ló ń bá wọn jà, Glivec ni wọ́n sì ń lò sí i láti ọdún mẹ́fà, 400 mg lójúmọ́. Imatinib ni orúkọ oògùn náà gan-an. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbà á, ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2003. Gbogbo èyí ni mo ti mọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí wọ́n wá fi parí ọ̀rọ̀ wọn: wọ́n ti ń fo oògùn. Bí òde bá ń bọ̀, wọn ò ní lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, bóyá ara wọn á padà.

Àyà mi já. Mo bẹ̀ wọ́n, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ẹni tó bá ń fo imatinib ń fún àrùn yẹn láyè láti gbérí. Wọ́n gbà pé àwọn ò ní fò ó mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n sọ bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ṣe rìn dé ibi awọ. Mo ní ó máa ń mú purotéènì kan tó ń jẹ́ KIT mọ́ ti ẹ̀jẹ̀, KIT yẹn sì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àwọ̀ dúdú ara wa gbójú lé. Wọ́n ní, "Kí ló dé tó fi mú un?" Ẹnu mi wọ́. Mo ti ń ta oògùn fún ọdún mẹ́tàdínlógún, mi ò fi ojú rí i rí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ rí ibi tí imatinib ń gbà wọlé, kí n rí ohun tó jẹ́ kó mú KIT, kí n sì mọ ohun tí ojú àwọn tó ń ṣe irú oògùn yìí ń rí bí wọ́n bá fẹ́ kó mú ọ̀kan kó fi ìyókù sílẹ̀.

Ohun tí mo ní lọ́wọ́

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan, RAM rẹ̀ 8 GB, Ubuntu ló wà lórí ẹ̀. Ínfátà ilé oògùn. AutoDock Vina, tí Oleg Trott àti Arthur Olson tẹ̀ jáde ní 2010, ọ̀fẹ́ ni. Àwòrán àwọn purotéènì, láti Protein Data Bank, ọ̀fẹ́ náà ni. ChimeraX ni mo fi ń wò ó. Àbúrò mi kan tó ń ka kẹ́místrì ní Àgọ́-Ìwòyè, tó wà nílé nítorí ìsinmi, ló ń bá mi ṣe é lálẹ́ tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Iṣẹ́ Vina kò le láti ṣàlàyé. O fún un ní àwòrán purotéènì, o fún un ní oògùn, o fa àpótí yí ihò tí o fẹ́ kó wò ká. Á yí oògùn náà síwá sẹ́yìn, á ká a, á nà án, á wá fún ọ ní máàkì. Bí máàkì bá ti lọ sílẹ̀ sí i ni ìdìmú ṣe le sí i.

Nípa kinase, irú purotéènì tí KIT jẹ́: nígbà tí wọ́n kà wọ́n jáde ní 2002, 518 ni wọ́n bá nínú ara èèyàn. Wọ́n á yọ fósféètì kan lára ATP, ohun tó ń gbé agbára kiri nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á fi lé purotéènì mìíràn lórí, ìyẹn á sì mọ̀ pé àṣẹ ti dé. Pín. Dàgbà. Dúró. Nínú CML, krómósómù 9 àti 22 ti ṣẹ́, wọ́n ti fi ègé ara wọn ṣe pàṣípààrọ̀, jíìnì ABL ti lẹ̀ mọ́ jíìnì mìíràn tó ń jẹ́ BCR. Abl, ìyẹn kinase tó ti ara jíìnì ABL wá, tó yẹ kó máa sinmi, ò sinmi mọ́, "pín, pín" ló ń pa láṣẹ tọ̀sán-tòru. Oògùn tó bá dí ihò ATP rẹ̀ á pa á lẹ́nu mọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ATP kan náà ni gbogbo wọn ń lò, ihò náà sì jọra bí ojú ìbejì. Staurosporine, tí wọ́n rí lára bakitéríà ní Japan ní 1977, wọ ihò yẹn dáadáa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ti gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí òun fúnra rẹ̀ kò fi di oògùn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì: kò wọlé

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn ṣe ni kó fi imatinib padà sínú Abl, kó rí i pé Vina mọ ibi tó yẹ kó wà. Mo mú Abl tí nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ jẹ́ 2GQG. Ti èèyàn ni, àwòrán rẹ̀ mọ́, mo sì rò pé Abl ni Abl ń jẹ́. Mo yọ dasatinib tó wà nínú rẹ̀, mo yọ omi, mo fi imatinib sí i, mo sì lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́, imatinib ò wọlé. Ìdajì rẹ̀ rọ̀ síta bí ẹsẹ̀ ọmọ tó sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mo fẹ àpótí láti 20 Å sí 30 Å (Å ni angstrom, ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn átọ́ọ̀mù), ó wá lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn purotéènì níbi tí oògùn kankan kì í dé. Mo tún imatinib yà látìbẹ̀rẹ̀. Mo pààrọ̀ Vina sí èyí tó tuntun. Mo tún ẹ̀rọ náà ṣe látòkè délẹ̀, Ubuntu tuntun, gbogbo ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lọ báyìí, máàkì ò kúrò lójú kan. Ó dùn mí, nítorí ní gbogbo àsìkò yẹn, àǹtí mi ń fi fóònù bi mí lọ́jọ́ Àìkú, "Ṣé o ti rí i?"

Ọ̀sẹ̀ kẹta: ẹni tó jókòó sójú ọ̀nà

Àbúrò mi ló rí i. Ó gbé fáìlì mìíràn wá, 1IEP, tí imatinib ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀, ó fi lé 2GQG lórí kí àwọn méjèèjì dọ́gba, ó fi àwọ̀ ewé sí ọ̀kan, ó fi àwọ̀ ọsàn sí èkejì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹni yìí. Ó jókòó sójú ọ̀nà."

Phe382 ló nàka sí. Amínò ásíìdì kan ṣoṣo ni, ọ̀kan lára àwọn ègé tí wọ́n so pọ̀ di purotéènì, òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà ló wà ní orí rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà láàárín Asp381 àti Gly383, àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n ń pè ní DFG lára àwọn kinase. Nínú fáìlì aláwọ̀ ọsàn, 2GQG, Abl wà lẹ́nu iṣẹ́: òrùka Phe yẹn kọjú sínú, ó dí ihò kan tó wà lẹ́yìn ibi tí ATP ń jókòó sí. Nínú fáìlì aláwọ̀ ewé, Abl ń sinmi: Phe ti yí padà, ó ti jáde ní bíi 10 Å, Asp ti gba ibòmíràn lọ, ọ̀nà tóóró kan sì ṣí sílẹ̀. Inú ọ̀nà tóóró yẹn gan-an ni imatinib na ìdajì ara rẹ̀ sí. Òun ni mo ti ń fi agbára tì mọ́ ilẹ̀kùn tí a ti láti inú fún ọ̀sẹ̀ méjì.

A wo àwòrán yẹn títí ínfátà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àṣé iṣẹ́ ló jẹ́ kí wọ́n jọra. Kinase tó bá ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ di ATP mú bí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń dì í mú, kò sí ọgbọ́n mìíràn. Bó bá dìgbà ìsinmi, kálukú ló ń sùn bó ṣe wù ú. Ojú oorun ni imatinib ti ń mú wọn, kìí ṣe ẹnu iṣẹ́. Dasatinib, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2006, kò dúró de oorun. Ó ń mú Abl lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń mú kinase mìíràn tó ń jẹ́ Src àti àwọn ìbátan rẹ̀ mọ́ ọn.

Àtúnṣe

Mo da 2GQG nù. 1IEP ní Abl méjì nínú fáìlì kan, A àti B, mo fi A sílẹ̀, mo pa B rẹ́. Mo dá àpótí padà sí 20 Å.

Ó wọlé, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ wọ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé náítrójìn tó wà ní ìrù imatinib, lára òrùka piperazine, kò ní háídrójìn lórí. Nínú ara èèyàn, háídrójìn máa ń wà níbẹ̀, òun ló sì ń fi dì mọ́ Ile360 àti His361. Èmi ni mo gbàgbé láti fi sí i. Nígbà tí mo fi sí i, ìrù náà tò.

Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta kéré: bí mo bá ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó lè kọjú síbi tó tọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó sì dorí kodò lẹ́ẹ̀kan. Exhaustiveness, ìyẹn bí Vina ṣe ń wá kiri tó, ló wà ní 8, mo gbé e lọ sí 32. Láti ìgbà náà, ojú kan náà ló ń wà. Máàkì rẹ̀ ń lọ sí bíi -13 kcal/mol, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi tí Vina gbé e sí àti ibi tó wà nínú àwòrán ò sì tó 1 Å. Ohun tí kò bá ti ju 2 Å lọ ni àwọn èèyàn ń gbà pé ó dára.

KIT

1T46, KIT tòun ti imatinib nínú, àwòrán tó mọ́ gan-an, 1.6 Å. Mo ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kan, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Abl lójú ẹ̀rọ, mo wá ń kà á bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀.

Orí imatinib di Met318 mú lára Abl, ó di Cys673 mú lára KIT. Náítrójìn tó tẹ̀ lé e di Thr315 mú níhìn-ín, Thr670 lọ́hùn-ún. Àárín rẹ̀ di Glu286 àti Asp381 mú nínú Abl, Glu640 àti Asp810 nínú KIT. Nọ́ńbà ló yàtọ̀, ìjókòó kan náà ni. Phe ti yí jáde nínú KIT bó ṣe yí jáde nínú Abl. Àwọn méjèèjì ń sùn bákan náà.

Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Ara àǹtí mi ni mò ń wò yẹn. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àwọ̀ wọn ń retí ohùn KIT, imatinib sì ti jókòó sẹ́nu KIT. KIT kan náà yìí ni ẹ̀rọ ìdàgbà jẹjẹrẹ ìfun kan tí wọ́n ń pè ní GIST, ní February 2002 ni Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí Glivec fún ìyẹn náà, kò tíì pé ọdún kan sí May 2001 tí wọ́n fọwọ́ sí i fún CML. Ohun tó tú dúdú àǹtí mi ni ẹlòmíràn fi ń yè.

Src, ibi tí Vina ti tàn mí

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Àbúrò mi ní ká fi Src dán an wò, torí pé imatinib kì í fẹ́ mú Src: ìdìmú rẹ̀ lára Abl fi nǹkan bí ìlọ́po 3,000 ju ti Src lọ nínú ìdánwò gidi. Fáìlì 2OIQ ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007.

Imatinib wọ Src bí ẹni wọ ilé bàbá rẹ̀. Máàkì rẹ̀ àti ti Abl, ìyàtọ̀ wọn ò tó 1 kcal/mol. Ìlọ́po 3,000, bí a bá ṣírò rẹ̀, yẹ kó tó 4.7. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bákan náà.

Kò sí àṣìṣe lọ́wọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí. Mo ka ìwé tí àwọn tó ṣe Vina kọ fúnra wọn, wọ́n ní àṣìṣe máàkì rẹ̀ máa ń tó 2.85 kcal/mol, ìyẹn nìkan ti gbé apá kan lára ohun tí à ń wá mì. Èyí tó kù jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 2OIQ, Src ti sùn bíi Abl kí Vina tó dé ibẹ̀, ihò náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti Abl. Vina ò béèrè iye tó ná purotéènì láti dé irú ìsinmi yẹn, kò sì wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí oògùn bá ti wọlé tán. Dorothee Kern àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Brandeis, ní Amẹ́ríkà, tẹ àlàyé kan jáde ní 2014 tó yé mi jù: lẹ́yìn tí imatinib bá ti jókòó, purotéènì náà á tún ara rẹ̀ ká bò ó. Abl máa ń ká bò ó pinpin, tí ó fi ṣòro fún un láti jáde. Src ò fẹ́ràn ìkákò yẹn, kì í pẹ́ tó fi ń jẹ́ kó lọ.

Mo gbà pé èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo rí. Mò ń rí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń fi ewé àti egbò igi wa ṣe irú iṣẹ́ yìí, tí wọ́n á kọ ọ́ pé ewé báyìí ń pa jẹjẹrẹ nítorí pé Vina fún un ní -9. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ máàkì nìkan la gbójú lé, à bá ti kọ ọ́ pé imatinib ń mú Src bó ṣe ń mú Abl, irọ́ pátápátá ni yóò sì jẹ́.

Oníbodè

Thr315 tí mo dárúkọ lókè, ẹnu ọ̀nà ihò ẹ̀yìn yẹn gan-an ló dúró sí. Oníbodè ni mo ń pè é, ó sì yẹ káwa Ìjẹ̀bú mọ oníbodè: kí Ogun Ìmàgbọ̀n ọdún 1892 tó fọ́ ọ̀nà wa, ẹrù tó bá gba ilẹ̀ wa láti etí ọ̀sà lọ sókè gbọ́dọ̀ kí oníbodè kó tó kọjá. Thr kéré, ó sì ń na ọwọ́ sí imatinib. Kinase mìíràn tó ń jẹ́ FLT3 jẹ́ ọmọ ìyá KIT, ṣùgbọ́n Phe ni oníbodè tirẹ̀, ó sanra, imatinib ò sì lè kọjá níbẹ̀.

Nínú àwọn aláìsàn mìíràn, jẹjẹrẹ máa ń fi oníbodè jàǹbá: Thr315 á di Ile. T315I nìyẹn. Mo yí i padà lórí ẹ̀rọ láti rí i. Ọwọ́ tó ń nà sí oògùn ti lọ, ikùn sì ti yọ síwájú. Àwọn tó ṣe ponatinib, oògùn tó ń mú T315I náà, ní ọgbọ́n kan tó wú mi lórí: níbi tí oògùn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbodè, wọ́n fi kábọ́ọ̀nù méjì tí ìdè mẹ́ta so pọ̀ síbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ó sì yọ́ kọjá. Wọ́n fọwọ́ sí i ní December 2012. Ṣùgbọ́n oògùn tó lè yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbodè kan lè yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀. Ní October 2013 wọ́n dá títà rẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dì nínú iṣan àwọn èèyàn, kí wọ́n tó dá a padà pẹ̀lú ìkìlọ̀. Asciminib, oògùn CML mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2021, ò dé bodè rárá. Ihò mìíràn ló gbà, lẹ́yìn Abl lọ́hùn-ún, tí àwọn kinase púpọ̀ ò ní.

Methyl kan ṣoṣo

Mo fẹ́ ṣe ohun tí àwọn oníṣẹ́ ṣe gan-an, kí n gé nǹkan kan lára imatinib kí n wò ó. Nígbà tí Jürg Zimmermann àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe é ní Ciba-Geigy, ní Basel, ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ń mú kinase mìíràn tó ń jẹ́ PKC. Wọ́n fi methyl kan lé òrùka àárín rẹ̀, kábọ́ọ̀nù kan àti háídrójìn mẹ́ta péré, PKC sì jáwọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé methyl yẹn kì í jẹ́ kí òrùka náà tẹ́ bó ṣe ń tẹ́ tẹ́lẹ̀.

Mo gé methyl náà kúrò, mo dá a padà sínú Abl. Máàkì ò yí padà tó ohun téèyàn ń sọ. Ohun tí methyl yẹn ń ṣe, ara àwọn kinase tí oògùn ò mú ló ti ń hàn, kò hàn lára èyí tó mú. Mo kọ ìyẹn sínú ìwé mi ní lẹ́tà ńlá. Ẹni tó bá ń ṣe oògùn tó ń yan tirẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wo àwọn tí kò fẹ́ fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ bó ṣe ń wo èyí tó fẹ́.

Ìdáhùn

Mo tẹ àwòrán Abl àti KIT sórí ìwé kan ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo gbé e lọ fún àǹtí mi nílé ní ọjọ́ Àìkú. Ìkọ̀kọrẹ́ ni wọ́n sè. A ti jẹun tán kí n tó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Mo fi ìka tẹ̀ lé imatinib láti orí dé ìrù nínú Abl, mo sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ nínú KIT. Wọ́n fi ìka tiwọn náà tẹ̀ lé e.

"Ìjókòó kan náà ni," wọ́n ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé dúdú mi á padà?"

Mo sọ ohun tí mo mọ̀: ó máa ń padà lára ọ̀pọ̀ èèyàn bí oògùn bá dínkù tàbí tó dúró, ṣùgbọ́n dókítà wọn nìkan ló lè sọ bóyá á dínkù, àwa méjèèjì ò lè dá a ṣe nílé. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́, màá bá wọn lọ rí dókítà.

Wọ́n ká ìwé náà sí mẹ́rin, wọ́n ní ìpàdé rẹgbẹ́rẹgbẹ́ àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹni tó béèrè ọṣẹ á rí i. Kí n tó dìde, mo ní kí wọ́n mú páálí oògùn wọn wá. Mo ka àwọn ihò tó ti ṣófo, mo ka ọjọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á. Ó pé.